Ìka Tí Kò Mọ Ìdí Ọta Mọ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta

Lónìí ni mo kọ́kọ́ jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ mi láìgbé ike èébì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ilé ìwòsàn ti fi mí sílẹ̀. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ti lọ. Irun orí mi ń hù bíi ti ọmọ adìyẹ.

Iṣẹ́ wà nílẹ̀. Baba Màlúù – Delmar àbúrò mi nìyẹn, ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé kan tí kò ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu ju màlúù lọ – ń lọ síbi ìdíje ìbọn ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹrin. Àádọ́rùn-ún ọta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí mo dì fún un láàárín àìsàn, ẹ̀tù àti òjé tuntun nínú kóròfo idẹ àtijọ́. Ọgọ́rùn-ún ló kù. Kò sí ẹni tó ń yin ọta tí ẹlòmíràn dì nílé, òfin gbogbo àwa tó ń di ọta ní Montana yìí ni. Ọta tó o bá dì, ìwọ ni kó o yìn ín. Àmọ́ Dell kò yin ọta ẹlòmíràn rí yàtọ̀ sí tèmi, láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìyẹn ni mo fi ń ṣe fáàrí.

Afẹ́fẹ́ ilé gbẹ bí eegun. Bí mo bá di ilẹ̀kùn mú, á ta mí pàù. Nítorí náà mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan páìpù omi, kí iná mànàmáná ara mi lè bá ibẹ̀ lọ, kí n tó ṣí ìṣáná. Ìṣáná ni Bàbá wa ń pè é, orúkọ yẹn náà ló mọ́ wa lẹ́nu: fìlà idẹ kékeré tó ń wọ ìdí ọta, èyí tí ìbọn máa ń lù kí ẹ̀tù tó gbiná. Páálí kan ṣoṣo lórí tábìlì, ìyókù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Oníkálukú lórí ibùsùn tirẹ̀ nínú páálí. A kì í dà wọ́n sínú ìgò. Ìṣáná inú ìgò kì í ṣe ìṣáná kan – bí ọ̀kan bá bínú, gbogbo wọn ló ń bínú.

Awò ojú lójú mi. Kò sí kọfí, kò sí bisikíìtì. Ọta méjìlá ni mo dì, ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Mo gbé páànù gbígbóná. Òórùn awọ ara mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Ìyá Abẹ́rẹ́ – nọ́ọ̀sì tó gún mi ní gbogbo oògùn yẹn – ti kìlọ̀ fún mi lóṣù kejìlá pé ìka mi lè kú. Ó ní ìmọ̀lára lè padà lọ́dún kan, ó sì lè má padà. Ó ń bi mí léraléra pé báwo ni ìka. Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Àádọ́ta parí. Mo fi ìka ìfábẹ̀lá ra ìdí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí Bàbá ti kọ́ wa. Ìṣáná gbọ́dọ̀ rì wọlé díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ idẹ lọ. Èyí tó bá yọrí, á kọ́ ìka.

Kò sí èyí tó kọ́ mi. Iṣẹ́ àgbà.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Dell àti Joleen ìyàwó rẹ̀ wá jẹun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹran àgbọ̀nrín ńlá tó pa lóṣù kọkànlá, ànàmọ́ gígún, ẹ̀wà tútù. Joleen fọ abọ́, ó kọ̀ kí n fọwọ́ kan omi. Àwọn màlúù Dell ti bí ọmọ méjìdínlógún báyìí. A gbọ́ ìtàn gbogbo wọn, tìyátọmọ.

Dell kó kóròfo idẹ ọta tó ti yìn padà. Mo kà wọ́n, wọ́n pé. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ṣe. Bí mo bá kó ogójì jáde, ogójì ni mo ń gbà wọlé. Kì í ṣe ahun, ètò ni.

Mo gbé àádọ́ta tuntun fún un. Ló bá gbé e lọ sójú fèrèsé, ó ń fi àtàǹpàkò ra ìdí wọn. Lójú mi. Mo ní, “Ṣé ìwọ náà ti di ọ̀gá àyẹ̀wò?” Ó ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń dán ni.” Mo ní, “Àtàǹpàkò lo fi ń wo nǹkan nílé tìẹ?” Joleen rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó dùn mí. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tí ọmọ yìí ti ń yin ọta mi.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Yìnyín. Ọmọ màlúù mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo ti tẹ ìṣáná sínú àádọ́ta kóròfo tó kù, kò tíì sí ẹ̀tù níbẹ̀. Mo fẹ́ nu tábìlì iṣẹ́. Mo kó wọn lọ sórí tábìlì onídígí ní pálọ̀, mo tò wọ́n nídùúró. Ọ̀kan ń mì. Mo fọwọ́ tì í, ó ń mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Mo gbé e, mo fìka ra ìdí rẹ̀. Ìka ní kò sí nǹkan. Mo dá a padà, ó ń mì.

Mo lọ mú rúlà irin, mo fi lé ìdí rẹ̀, mo gbé e sójú iná. Ìmọ́lẹ̀ ń kọjá lápá ọ̀tún, ó ń kọjá lápá òsì. Ìṣáná yẹn yọrí síta kedere. Mo tún fìka rà á. Mo fi gbogbo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rà á. Bíi pé mo wọ ìbọ̀wọ́.

Mo fi rúlà wo gbogbo àádọ́ta. Mẹ́rin ló yọrí. Ìka mi ti fọwọ́ sí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìbọn Dell, ti ológun àtijọ́ ni. Ó ń kó ọta jẹ fúnra rẹ̀: bí ọ̀kan bá ti jáde, irin ẹ̀yìn á ti èkejì wọlé tagbáratagbára. Bí ìṣáná bá yọrí, irin yẹn lè lù ú kí ẹ̀yìn ìbọn tó tì pa. Ọta á bú síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó gbé e léjìká. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dell.

Ogóje ọta mi ló wà nílé rẹ̀. Àádọ́rùn-ún nínú wọn, inú àìsàn ni mo ti dì wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Mo pè é. Mo purọ́. Mo ní n ò fọkàn tán agolo ẹ̀tù tí mo lò, kó dá gbogbo ọta padà. Ó ní, “Ẹ̀tù yẹn dáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti yẹ gbogbo wọn wò.” Mo ní kí ló yẹ̀ wò nínú ẹ̀tù tó wà nínú ọta tí a ti dì? Ó ní màlúù kan ń rọbí, ó dá fóònù dúró.

Ó yẹ kí n pè é padà kí n ní, “Ìka mi ti kú.” Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. N ò pè é.

Bí mo bá sọ ọ́, tábìlì yẹn ti lọ nìyẹn. Wọ́n ti gba ọmú kan lọ́wọ́ mi, wọ́n gba irun, wọ́n gba bọ́ọ̀sì ilé ìwé tí mo fi ogún ọdún wà kiri. Inú ń bí mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gba tábìlì.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Dell kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Joleen ní ó ti lọ síbi tí ẹgbẹ́ ti ń yìnbọn, ó lọ gbìyànjú ogún ọta. Ọta mi.

Mo jókòó, mo ń kọrin. Mo mọ̀, mo sì jókòó. Nígbà tí wọ́n ní ká dìde ká gbàdúrà, mi ò dìde. Aládùúgbò ìjókòó mi rò pé àìsàn ni.

Dell wọlé ní aago kan, ojú rẹ̀ pé. Joleen ló fi fóònù sọ fún mi. Kò mọ ìdí tí mo fi ń béèrè.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta

Mo wakọ̀ lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Dell wà nínú abà lọ́dọ̀ màlúù. Mo sọ fún Joleen pé mo wá kó ọta mi. Ó ní, “Ó wà lórí tábìlì níbẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n, ẹ kó o kúrò lọ́wọ́ mi jàre.”

Lórí tábìlì oúnjẹ, láàárín ife kọfí àti bọ́tà: páálí ọta mi, àti Aláàbùkù. Aláàbùkù ni ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí a fi ń tẹ ìṣáná wọ ìdí ọta, èyí tí Bàbá fi sílẹ̀ fún Dell nígbà tó fi èyí tó dára fún mi. Orí rẹ̀ ti là níbì kan. Kò sí ẹni tó lò ó láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo ní kí ló ń fi èyí ṣe? Joleen ní, “Àràárọ̀ ló ń jókòó tì í o. Ó ní òun ń tún nǹkan ṣe. Èmi ń mu kọfí mi ní tèmi.”

Dell kì í di ọta. Kí ló ń tẹ̀?

Mo kó ọgọ́fà sínú ọkọ̀, mo lọ sílé. N ò dúró dè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tèmi kì í fi àpá sílẹ̀. Ìdí ìṣáná mi máa ń dán bí ojú dígí.

Ọ̀kan ní àpá tó tẹ̀ bí èékánná. Òmíràn ní i. Ibi tí orí Aláàbùkù ti là nìyẹn. Mo ń kà. Mẹ́tàlélógún.

Gbogbo mẹ́tàlélógún pátá, ọta tí a ti dì ni. Ẹ̀tù ti wà níkùn, òjé ti wà lẹ́nu. Àbúrò mi jókòó sídìí tábìlì ìyàwó rẹ̀, ó di ọta odindi mú, ó ń fi irin tẹ ìṣáná rẹ̀ wọlé. Ohun tí ìbọn ń ṣe gan-an ló ń fi ọwọ́ ṣe, kò kàn lù ú ni. Nígbà mẹ́tàlélógún. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá gbé lọ́dọ̀ Bàbá mọ̀ pé ìyẹn lèèwọ̀ àkọ́kọ́.

Mo bọ́ síta, mo dúró nínú òtútù láìwọ kóòtù.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Mo bá a nínú abà. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú màlúù títí dé ìgbọ̀nwọ́, mo sì dúró títí ọmọ fi jáde. Akọ ni. Ó ń fi koríko nù ún nígbà tí mo na ọta kan sí i, mo ní, “Àpá wo nìyí?”

Kò tiẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ẹ ti rí i.”

Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé. Ó ní oṣù kejìlá lòun ti rí àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ tí mo wà nílé ìwòsàn tí n ò lè gbé omi mì. Ó ní, “Ṣé kí n wá bá yín níbẹ̀ yẹn kí n ní ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín ti ń bàjẹ́? Tábìlì yẹn nìkan lẹ ń tìtorí ẹ̀ dìde.” Mo ní kí ló dé tí kò dà wọ́n nù. Ó wò mí. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka kóròfo? Tó bá dín ẹyọ kan, ṣé ẹ ò ní bi mí?”

Òótọ́ ni. Màá bi í. Màá bi í títí tó fi máa jẹ́wọ́. Bí mo ṣe ń ka kóròfo ló mú un jókòó ti Aláàbùkù.

Ó ní òun ń wọ awò ojú. Mo ní, “Joleen ńkọ́? Awò wo ló wà lójú Joleen níbi tó ti ń mu kọfí?” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ẹ̀jẹ̀ màlúù fa ìlà sí i lójú.

Èmi náà wá sọ tèmi. Mo ní ìka mi ti kú láti oṣù kejìlá. Mo ní mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì pé ọta yọrí, mo sì jẹ́ kó lọ yin ogún lọ́jọ́ Àìkú torí ojú ń tì mí. Ó ní, “Ẹ mọ̀?” Mo ní mo mọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin?” Ó padà sídìí ọmọ màlúù.

Bó bá bú mi, ì bá sàn.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Dell ti sọ fún Joleen. Joleen ò bá a sọ̀rọ̀. Ó pè mí, ó ní kí n sọ fún àbúrò mi pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Dell wá láìpè é. Kò kí mi dáadáa, ó kàn ní, “Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?” A tú gbogbo ọgọ́fà. A fi ẹ̀rọ yọ òjé lẹ́nu wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ – a ò lo òòlù atúọta, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá nǹkan mọ́lẹ̀ nínú ilé yìí. A da ẹ̀tù síta, a fọ́n ọn ká sórí koríko. Ìṣáná wà nídìí wọn síbẹ̀, a ò gbìyànjú àtitì wọ́n jáde. Lyle, bàbá àgbà tó ń bójú tó ohun eléwu ní ẹgbẹ́ wa, ló wá kó wọn. Ó wo àpá, ó wo èmi, ó wo Dell. Ó ní, “N ò ní béèrè.” Ọlọ́run bá wa san án fún un.

Dell fọ ọwọ́, ó lọ. Kò jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹta

Ìyá Abẹ́rẹ́ béèrè báwo ni ìka. Mo sọ fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní nínú àwọn tí òun mọ̀, ẹni tó bá ń purọ́ nípa ìka, iṣẹ́ ọwọ́ ló máa ń ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹta

Dell ní ká dán an wò. Ó ní bóyá ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn nìkan ni, bóyá ó ti ń padà. Mo mọ ohun tó ń wá. Àwáwí ló ń bá mi wá.

Kóròfo mẹ́wàá, ìṣáná nínú wọn, kò sí ẹ̀tù. Ó ti fi rúlà wo gbogbo wọn. Mo dijú. Ó ń gbé wọn lé mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń rà á, mò ń sọ. Èyí dáa. Èyí dáa. Mo fi àkókò sí i. Mo gbìyànjú bí ẹni ń gbọ́ ohùn lẹ́yìn ògiri. Mo pe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní dídáa.

Mo lajú. Ó ti ya mẹ́ta tó yọrí sọ́tọ̀.

Mo sunkún. Kò sí ìdí tí n ó fi fi pamọ́ nínú ìwé ara mi. N kò sunkún báyìí nígbà tí wọ́n gé ọmú. Dell dúró lẹ́yìn mi, kò mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí, ó sáà fi lé ẹ̀yìn àga.

Lẹ́yìn náà mo dìde kúrò lórí àga. Mo ní kó jókòó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, n ò mọ̀ ọ́n ṣe.” Mo ní màá kọ́ ọ.

Ó gbàgbé páìpù. Mo ní, “Fọwọ́ kan irin.” Ó ṣí páálí kejì. Mo ní, “Ọ̀kan.” Ìṣáná kan há, ó fẹ́ fagbára tẹ̀ ẹ́. Mo di apá rẹ̀ mú. “Èyí tó bá kọ̀, fi sílẹ̀. Má bá ìṣáná jà.” Ó rọra dá a padà. Ogún péré ló ṣe kó tó di ọ̀sán. Ó lọ́ra bí ìgbín, gbogbo rẹ̀ sì wọlé dáadáa. Rúlà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ojú mi ṣì ń ríran dáadáa, nítorí náà èmi ló ń wọn ẹ̀tù.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin

Ọgọ́ta pé. Joleen ti ń bá Dell sọ̀rọ̀. Aláàbùkù, Dell ní òun ti sọ ọ́ sínú kànga gbígbẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹrin

Ẹ̀fúùfù, oòrùn díẹ̀. Èèyàn méjìlélógún ló wá. Gbogbo wọn kí mi kú ewu, wọ́n ń wo irun mi.

Kí Dell tó dùbúlẹ̀ láti yìnbọn, àwọn ọkùnrin rọ̀gbà yí páálí ọta rẹ̀ ká bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọ̀kan ní, “Ta ló di èyí?” Dell kò tiẹ̀ ronú. Ó ní, “Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Ó tún ti ṣe é. Ó ti tún tẹ̀ ẹ́ wọlé fún mi.

Mo rí i pé gbogbo wọn ti gbà á gbọ́. Lyle nìkan ló ń wo bàtà rẹ̀. Mo lè dákẹ́. Ó wù mí kí n dákẹ́. Mo ní, “Irọ́ ni. Òun ló dì í. Èmi wọn ẹ̀tù. Ìka mi ti kú láti oṣù kejìlá, n kò lè mọ ìdí ọta mọ́. Ẹ má gba ọta lọ́wọ́ mi.”

Lẹ́yìn náà Lyle bọ́ ìbọ̀wọ́, ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò ra ìdí rẹ̀, ó ní, “Ó wọlé dáadáa, Delmar,” ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Dell di ọta náà mú, ó ń wò mí. Bó ṣe máa ń wò mí láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn, kó tó yin ìbọn. Mo máa ń mi orí sí i pé kó yìn ín.

Mo ní, “Má wò mí, Dell. Ọwọ́ ẹ ni kó o bi.”

Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra ìdí ọta náà, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mi orí fúnra rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀.